Ojú Ìwé Kan Nínú Àpótí Àwo Bàbá

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá wa, nígbà tí a ń palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́ ní Surulere, mo rí ojú ìwé ìròyìn òyìnbó kan nínú àpótí àwo rẹ̀. Ìpolówó orin ni. Ọkùnrin onírun wíwẹ́ kan gbé gìtá dání, wọ́n kọ T. Rex gàdàgbà, wọ́n sì kọ EMI àti MARC 4 wínníwínní sí ìsàlẹ̀. Ibi tí ọjọ́ wà ti ya. Bàbá fi bírò kọ ọ́ sí etí rẹ̀ pé: "Bá mi wá eléyìí bọ̀." Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọdún 1977 tí olórin náà kú ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, pé owó ńlá ni. Ó ní kí n wá nǹkan fi pa bírò náà rẹ́, kí n sì lọ lámínéètì rẹ̀. Kí ni kí n ṣe? (Àkọ́bí, Surulere)

Ìdáhùn: Àkọ́bí, kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Jọ̀wọ́, má lámínéètì rẹ̀. Má sì fọwọ́ kan bírò yẹn rárá.

Ọ̀rọ̀ ọdún kò le, MARC 4 tí o rí yẹn ti sọ ọ́. Lọ́dún 1972, orúkọ Marc Bolan tó jẹ́ olórí T. Rex, ẹgbẹ́ olórin kan ní ìlú òyìnbó, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe nọ́mbà àwọn àwo kéékèèké wọn. "Metal Guru" ni MARC 1, oṣù Karùn-ún ọdún yẹn ló jáde. "20th Century Boy" ni MARC 4, tó jáde ní oṣù Kẹta ọdún 1973, tó sì gòkè dé ipò kẹta lórí àtẹ orin wọn ní ìlú òyìnbó. Lóòótọ́, 1977 ni Bolan kú, ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án, nínú ìjàǹbá mọ́tò ní London, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì péré kó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn nọ́mbà ti dé MARC 18. Ti bàbá rẹ ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwé ìròyìn orin tó máa ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà náà, bíi Melody Maker àti NME, làwọn ilé iṣẹ́ àwo ti máa ń ra ojú ìwé nígbà tí àwo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù. Orin tí mo ń wí yìí kò sí nínú Tanx, àwo ńlá tí wọ́n gbé jáde lóṣù kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, àfi kó ra àwo kékeré. Nọ́mbà ìsàlẹ̀ yẹn ni wàá kà fún ẹni tó ń ta àwo, òun náà á fi bá ọ béèrè rẹ̀.

Èmi gan-an, ara bébà àkàrà ni mo ti kọ́kọ́ rí irú ìpolówó bẹ́ẹ̀, ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, nígbà tí mo wà ní kékeré. Ìyá alákàrà wa máa ń ra ìwé ìròyìn òyìnbó àtijọ́ ní ìdì-ìdì. Mo mú àkàrà tó kẹ́yìn kúrò lórí bébà, mo rí ẹnì kan tó lẹ nǹkan dídán mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó wọ bàtà gárántí àti aṣọ tó ń kọ mànà. Òróró ti mu ojú rẹ̀ kan, èkejì ń wò mí. Obìnrin ni mo pè é, àfi ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi kà á fún mi pé ọkùnrin ni, glam rock ni wọ́n ń pe irú orin tó ń kọ. Mo sá bébà náà sóòrùn títí, èèrà ló padà jẹ ẹ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kó wọn jọ.

Má sì rò pé bàbá rẹ ń lé ohun tó jìnnà sí Èkó. Àwọn ọmọ ilé ìwé St. Gregory's tó dá ẹgbẹ́ olórin Ofege sílẹ̀ ń ta gìtá iná nígbà yẹn, EMI, ilé iṣẹ́ àwo kan náà, ló gbé àwo wọn jáde. Sítúdíò EMI tó wà ní Wharf Road, Apapa, nígbà yẹn ni Paul McCartney tó ti wà nínú ẹgbẹ́ Beatles wá lò ní oṣù Kẹjọ àti Kẹsàn-án ọdún 1973, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìpolówó tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí.

Lámínéètì tí wọ́n ní kí o ṣe, mo ti ṣe é rí, ó ń dùn mí títí dòní. Ojú ìwé ìpolówó Slade, ẹgbẹ́ glam rock mìíràn, ni mo gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Yaba. Iná ẹ̀rọ ká a kò láàárín, afẹ́fẹ́ há sínú rẹ̀, kò sì ṣeé bó mọ́. Igi lílọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe bébà ìwé ìròyìn, ásíìdì inú rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di àwọ̀ tíì tó sì ń jẹ́ kó máa rún. Tí o bá fi náílọ́ọ̀nù gbígbóná dé e pa, o ti sé ásíìdì náà mọ́ inú rẹ̀ nìyẹn.

Bébà tí kò ní ásíìdì ni kí o fi tẹ́ ẹ lókè àti nísàlẹ̀, kí o tẹ́ ẹ gbalaja sínú páálí, kí o gbé e sókè kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí ọ̀rinrin àti ikán. Má fi sẹlotéèpù lẹ ibi tó ya. Tó bá wù ọ́ láti gbé e kọ́ ògiri, ya fọ́tò rẹ̀, kí o fi fọ́tò náà sínú férémù.

Ní ti owó, kì í ṣe owó ńlá. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́pọ̀lọpọ̀, odindi ìwé ìròyìn náà làwọn tó ń kó o jọ sì máa ń wá. Wọ́n á tún sọ fún ọ pé bírò yẹn bà á jẹ́. Má gbọ́ tiwọn. Bàbá rẹ já ojú ìwé yẹn nítorí ẹni tó ń lọ sókè òkun, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ iṣẹ́ tó rán an. Àwo wo ni onítọ̀hún gbé bọ̀?

Tún inú àpótí náà tú. Àwo ínǹṣì méje ni, búlúù àti pupa ni bébà àárín rẹ̀, ojú Bolan wà níbẹ̀. Tí o bá rí MARC 4 lára rẹ̀, jọ̀wọ́, kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ náà gan-an.