Ẹni tó ti ń sá eré mítà 800 tẹ́lẹ̀, tó wá fẹ́ kí half marathon òun yára

Àbúrò, o ní mítà 800 àti 1500 lo ń sá nílé ìwé, pé o wá sá half marathon (ìdajì máratọ́ọ̀nù) ní 1:52, ìyẹn wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 52, o sì fẹ́ kó já sí 1:40. O ń béèrè bóyá kí o tún fi eré mítà 400 kún èyí tí ò ń sá ní pápá Adámásingbà n'Ìbàdàn. Má fi kún un rárá. Ẹsẹ̀ rẹ yá nílẹ̀ tó. Ṣírò ó wò: kìlómítà 21.1 ní 1:40, bí 4:44 (ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú-àáyá 44) ni fún kìlómítà kan. Kìlómítà kan bẹ́ẹ̀ kò lè dẹ́rù ba ẹni tó ti sá 800 rí. Láti kìlómítà 15 lọ sókè ni wàhálà wà.

Èmi náà, orí tíráàkì ni mo ti bọ́ sí títì. Ohun tó le fún mi jù ni eré jẹ́jẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ti kọjá mi ní Bódìjà, ọkàn mi á ní kí n lé e. Àwa tá a ti sá eré tíráàkì gbà pé ẹni tí kò bá mí hẹlẹhẹlẹ, kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀, nínú 800 pàápàá, afẹ́fẹ́ tí à ń mí ló ń mú ohun tó ju ìdajì agbára wá. Nínú kìlómítà 21, ó kù díẹ̀ kó jẹ́ gbogbo rẹ̀. Eré jẹ́jẹ́ tó pẹ́ ló ń kọ́ ọkàn àti iṣan ní irú iṣẹ́ yẹn. Ohun tí mo fi ń wọn tèmi ni ìyá alákàrà. Tó bá kí ọ, kí o lè dá a lóhùn ní kíkún, kí o sì béèrè àwọn ọmọ. Tó bá jẹ́ ọwọ́ nìkan lo lè jù sí i, o ti sáré jù.

Eré líle, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó. Fi 400 oníìsinmi gígùn sílẹ̀, sá kìlómítà kan lọ́nà márùn-ún, ìsinmi ìṣẹ́jú kan láàárín. Má bẹ̀rẹ̀ ní 4:44 o. Bẹ̀rẹ̀ ní bí 5:05, torí ibi tí ara rẹ wà báyìí nìyẹn. Tó o bá parí tó o mọ̀ pé o ṣì lè sá ọ̀kan sí i, ó dáa bẹ́ẹ̀.

Eré gígùn, àárọ̀ Sátidé, kó o ti bọ́ síta kí aago mẹ́fà tó lù. Oòrùn Ìbàdàn kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ọlọ́kadà náà kì í dúró, torí náà kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, tàbí kó o wá inú ọgbà Yunifásítì. Bẹ̀rẹ̀ ní kìlómítà 12, máa fi díẹ̀díẹ̀ gbé e lọ sí 18. Fi Òkè Mọ́kọ́lá sí i nígbà míì, ṣùgbọ́n rọra gùn ún.

Má sì jẹ́ kí eré àtijọ́ yẹn kú. Lẹ́yìn eré jẹ́jẹ́, sá 100 mítà bíi mẹ́rin, láì lo gbogbo agbára. Sifan Hassan, obìnrin asáré ilẹ̀ Netherlands, gba mítà 1500 àti 10,000 níbi ìdíje àgbáyé ní Doha lọ́dún 2019, ó sì gba máratọ́ọ̀nù London ní 2023. Orí ìka ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń fi sáré, nítorí náà tí iṣan òkè gìgísẹ̀ bá ti ń ro ọ́ láàárọ̀, sinmi. Tèmi fi mí sílé pẹ́.

1:40 lè má bọ́ sí ìje tó kàn. Lé 1:46 ná.