Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bí a ṣe ń fi tomatillo inú ọgbà ṣe salsa aláwọ̀ ewé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbin tomatillo sí ẹ̀yìnkùlé mi lọ́dún yìí, ó sì so ju bí mo ti rò lọ. Mo ká a, mo sè é, mo sì lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ata, àlùbọ́sà àti aáyù láti fi ṣe salsa, ọbẹ̀ ata ti Mẹ́síkò. Òórùn rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ó korò lọ́nà ọ̀fun, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kejì nínú fíríìjì, ó ti dì. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́? Èso ṣì kù lórí igi tí ó pọ̀. Ṣé mo lè ṣe salsa rẹ̀ sínú ìgò kí n sì tọ́jú rẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀? Àwọn kan nínú wọn ti ń pọ́n di elésè-àlùkò. Ṣé àwọn náà wúlò?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ìkorò tí ẹ tọ́ wò àti dídì tí ọbẹ̀ náà dì kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ìkorò jẹ́ àbùkù, a sì lè dènà rẹ̀. Dídì jẹ́ ìwà èso náà fúnra rẹ̀, kò sì ba nǹkan kan jẹ́. Ọ̀rọ̀ ìgò ni ó gbẹgẹ́ jù lọ nínú gbogbo ohun tí ẹ béèrè, nítorí pé salsa tí a óò jẹ lọ́sẹ̀ yìí àti salsa tí a óò dé mọ́ inú ìgò fún ọ̀pọ̀ oṣù kò ní òfin kan náà. Nínú ti àkọ́kọ́, ahọ́n yín ni kí ẹ máa tẹ̀ lé. Nínú ti èkejì, ìwọ̀n tí wọ́n ti yẹ̀ wò ni kí ẹ dì mú, kí ẹ má ṣe yí i padà rárá.

Láti ìdí igi ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni ìkorò ti sábà máa ń wá. Ìbátan tòmátì ni tomatillo, ṣùgbọ́n inú àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ó dà bí bébà ni èso rẹ̀ ti ń dàgbà. Àpò náà ni ó kọ́kọ́ máa ń tóbi, lẹ́yìn náà ni èso yóò máa wú díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ títí yóò fi kún un. Ẹ fi ìka méjì rọra tẹ àpò náà lórí igi: bí ẹ bá rí i pé àyè ṣì wà láàárín àpò àti èso, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tí ó tó ká ni èyí tí ó ti kún àpò rẹ̀ fọ́fọ́, tí àpò ti gbẹ tí ó sì ti ń ya ní ìsàlẹ̀, tí èso inú rẹ̀ sì le dáadáa lọ́wọ́, tí ó tutù yọ̀yọ̀ ní àwọ̀ ewé. Èyí tí a bá já kí ó tó dé ibẹ̀ máa ń korò, kò sì tíì ní omi kíkan tí a tìtorí rẹ̀ ń gbin tomatillo. Mo fura pé bí ìkórè yín ṣe pọ̀ tó ni ó mú yín já àwọn tí kò tíì gbó mọ́ àwọn tí ó gbó. (Bí ẹlòmíràn bá ń ka ìdáhùn yìí tí tirẹ̀ ń yọ òdòdó láìso, kí ó wò ó bóyá ẹyọ igi kan ṣoṣo ni ó gbìn. Òdòdó tomatillo kì í fi àtíkè òdòdó ara igi rẹ̀ so èso. Ó kéré tán, igi méjì gbọ́dọ̀ wà nítòsí ara wọn kí kòkòrò bí oyin lè gbé àtíkè láti orí ọ̀kan dé orí èkejì.)

Ohun kejì tí ó ń fa ìkorò ni oje tí ó ń lẹ̀ mọ́ ara èso. Bí ẹ bá ti bó àpò kúrò, ẹ óò rí i pé èso náà ń lẹ̀ mọ́ ìka. Oje yẹn korò, omi tútù tí a kàn dà lé e lórí kì í sì í kó o kúrò tán. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi wẹ̀ ẹ́. Ẹ fi àtàǹpàkò ra á lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá jù lọ ní ìdí rẹ̀ níbi tí àpò ti so mọ́ ọn, nítorí pé ibẹ̀ ni oje náà ti máa ń pọ̀ jù, títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ mọ́. Ẹ má fi ọṣẹ sí i. Àpò tí ẹ bó, ewé àti igi rẹ̀ kì í ṣe ohun jíjẹ, wọ́n ní èròjà tí ó lè ṣe ara ní jàǹbá, nítorí náà ẹ kó wọn dànù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìdí iná. Ní Mẹ́síkò, níbi tí wọ́n ti ń gbin tomatillo ṣáájú kí àwọn ará Sípéènì tó gúnlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n máa ń lo èso náà ní tútù, wọ́n máa ń sè é, wọ́n sì máa ń sun ún, adùn ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀ gedegbe. Títútù kan jù, òórùn ewé inú rẹ̀ sì pọ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kí adùn rẹ̀ tó ṣá, nítorí náà ọjọ́ tí a bá ṣe é ni ó dára kí a jẹ ẹ́.

Sísè tí ẹ sè é kò burú. Ìgbà tí ẹ dáwọ́ dúró ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ da omi bò ó nínú ìkòkò, ẹ gbé e ka iná tí kò le jù, ẹ sì dúró tì í. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá tí omi bá ti ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àwọ̀ ewé rẹ̀ tí ń tàn yóò ṣá, yóò máa fà sí ìyeyè, èso náà yóò sì rọ̀ bí ẹ bá fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ yọ ọ́. Bí ẹ bá jẹ́ kí awọ rẹ̀ bẹ́, omi kíkan inú rẹ̀ yóò dà sínú omi sísè, omi sísè yóò sì wọ inú rẹ̀, ọbẹ̀ yóò wá ṣàn, adùn rẹ̀ yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ìkorò nìkan ni irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kí ahọ́n gbọ́.

Bí ẹ bá bi mí, sísun ni mo fẹ́ràn jù fún tomatillo inú ọgbà. Àwọn ará Mẹ́síkò ní àwo pẹrẹsẹ kan tí wọ́n ń pè ní comal tí wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n páànù irin tí ó nípọn yóò ṣe é, iná orí ààrò òyìnbó náà yóò sì ṣe é. Kò gba òróró. Ẹ to èso, ata àti àlùbọ́sà tí a gé sí ńlá sórí rẹ̀. Ẹ fi aáyù sílẹ̀ nínú èèpo rẹ̀, nítorí pé aáyù tí a bó tí ó sì jóná máa ń korò gan-an, ó sì lè jẹ́ pé òun náà wà lára ohun tí ó ba tiyín jẹ́. Ẹ máa yí wọn. Ojú èso yóò dúdú níbì kan níbì kan, awọ rẹ̀ yóò lé, ẹ ó sì gbọ́ bí omi rẹ̀ ti ń ta ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́ lórí irin gbígbóná. Omi tí ó bá sun jáde, ẹ má dà á nù. Inú ọbẹ̀ ni àyè rẹ̀.

Fún ìwọ̀n, ẹ fi bíi ìdajì kílò tomatillo bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ata serrano méjì tàbí jalapeño kan (ata aláwọ̀ ewé ti Mẹ́síkò ni àwọn méjèèjì), ìdá kan nínú mẹ́rin àlùbọ́sà funfun ńlá, awẹ́ aáyù kan, ẹ̀kúnwọ́ kan cilantro (ewé olóòórùn dídùn kan), àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ó ta púpọ̀, ẹ ha ẹran funfun inú ata náà kúrò, nítorí pé inú rẹ̀ ni títa wà, kì í ṣe inú kóró gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà gbọ́; ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ má baà fi ọwọ́ náà kan ojú. Ẹ kọ́kọ́ lọ aáyù àti iyọ̀ pọ̀ kí ó kúnná. Bí àwọn tí ń lo molcajete, ọlọ olókùúta ti Mẹ́síkò, ti ń ṣe nìyẹn, adùn aáyù a sì tàn ká gbogbo ọbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ata sí i, kí tomatillo tẹ̀ lé e. Bí ó bá jẹ́ bílẹ́ńdà ni ẹ ń lò, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ sì dúró nígbà tí ó ṣì rí ṣákaṣàka. Ọbẹ̀ tí a lọ̀ lálọ̀jù máa ń ru fóòmù. Àlùbọ́sà tútù, bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ọ̀bẹ ni kí ẹ fi gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ rọ́ ọ sí i ní ìgbẹ̀yìn pẹ̀lú cilantro. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Tomatillo tí a ká lásìkò kan tó bẹ́ẹ̀ tí kì í sábà nílò rẹ̀.

Ní ti dídì, èròjà pectin ni ó fà á, òun náà tí ó ń mú jáàmù dì, tomatillo sì ní in lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹ bu omi díẹ̀ sí i kí ẹ rò ó, tàbí kí ẹ mú un lọ́wọ́ọ́wọ́ lórí iná, yóò tú. Ẹ tún iyọ̀ rẹ̀ tọ́ wò lẹ́yìn náà. Salsa tí a sè tàbí tí a sun yóò pẹ́ tó ọjọ́ márùn-ún nínú fíríìjì bí a bá dé e dáadáa.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rọ ìyẹn sínú ìgò láti tọ́jú rẹ̀ sórí pẹpẹ. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí ó ń jẹ́ Clostridium botulinum. Hóró rẹ̀ kì í kú nínú omi híhó, ibi tí afẹ́fẹ́ kò sí ni ó sì ti ń gbèrú, inú ìgò tí a dé pa sì rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Oró tí ó ń mú jáde lè pa ènìyàn, kò sì fi dandan yí òórùn tàbí ìtọ́wò oúnjẹ padà. Kíkan ni ó ń dá a dúró: kò lè hù nínú oúnjẹ tí pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n kíkan; bí ó bá ṣe kéré tó ni oúnjẹ ń kan tó) kò ju 4.6 lọ. Lóòótọ́ tomatillo fúnra rẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ata, àlùbọ́sà àti aáyù kò kan, bí a bá sì ti ń fi wọ́n kún un ni kíkan àpapọ̀ rẹ̀ ń dínkù. Ahọ́n kò lè fi ìyàtọ̀ yẹn hàn. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìwọ̀n.

Ìwọ̀n tí USDA, ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń rí sí ọ̀gbìn, fi léde fún salsa tomatillo inú ìgò nìyí: ife márùn-ún tomatillo tí a gé, ife kan ààbọ̀ ata gígùn aláwọ̀ ewé tí a gé, ìdajì ife jalapeño tí a gé wẹ́wẹ́, ife mẹ́rin àlùbọ́sà tí a gé, ife kan omi lẹ́mọ́ọ̀nù tàbí ti ọsàn wẹ́wẹ́ tí a rà nínú ìgò, awẹ́ aáyù mẹ́fà, ṣíbí ìjẹun kan iyọ̀, àti ṣíbí tíì kan ata dúdú. Ẹ yọ kóró àwọn ata méjèèjì, kí ẹ sì yan ata gígùn náà lórí iná kí ẹ lè bó awọ rẹ̀. Kúmínì àti oregano, àwọn èròjà amọ́bẹ̀-dùn, wà nínú ìlànà náà fún ẹni tí ó bá fẹ́. Omi inú ìgò ni wọ́n sọ, kì í ṣe èyí tí a fún láti inú èso, nítorí pé kíkan ti ilé iṣẹ́ kì í yí padà, ti èso tútù sì ń yàtọ̀ láti orí ọ̀kan sí èkejì. Ẹ má fi fínígà rọ́pò rẹ̀, ẹ má dín in kù, ẹ má sì fi ata tàbí àlùbọ́sà kún un. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó ta sí i, ẹ lo ata tí ó ta jù ní ìwọ̀n kan náà. Cilantro, ìgbà tí ẹ bá ṣí ìgò láti jẹun ni kí ẹ fi sí i.

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò, ẹ máa rò ó títí yóò fi hó, ẹ dín iná kù, kí ó sì máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ rọ ọ́ ní gbígbóná sínú àwọn ìgò tí ó mọ́ tí ó sì gbóná, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gba páìntì kan (bíi ìdajì lítà), kí àyè tó ìdajì íǹṣì ṣẹ́kù lókè. Ẹ fi ọ̀bẹ onírọ́bà tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sílẹ̀, ẹ nu ẹnu ìgò, ẹ dé e, kí ẹ sì rì í sínú omi híhó fún ìṣẹ́jú 15 bí ibi tí ẹ ń gbé kò bá fi ju 1,000 ẹsẹ̀ bàtà ga ju ojú òkun lọ. Ìṣẹ́jú 20 ni láti ibẹ̀ dé 6,000 ẹsẹ̀ bàtà, ìṣẹ́jú 25 sì ni bí ó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé omi orí òkè kì í gbóná tó ti ìsàlẹ̀ kí ó tó hó. Ní ọjọ́ kejì, ẹ tẹ àárín ìdérí wò: èyí tí ó bá ń ta padà sókè kò dé, fíríìjì ni kí ẹ gbé e sí. Ìgò tí ìdérí rẹ̀ bá wú tàbí tí ó bá jò lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ má tọ́ ọ wò rárá kí ẹ tó sọ ọ́ nù.

Ẹni tí gbogbo èyí bá pọ̀ jù fún ní fírísà. Nínú òtútù yẹn, kò sí ìwọ̀n tí ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rù, ẹ lè dì salsa bí ẹ ṣe fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ó sì tún rọrùn jù láti bó èso náà, kí ẹ wẹ̀ ẹ́, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí àwo lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi dì, kí ẹ tó kó o sínú ọ̀rá. Yóò rọ̀ nígbà tí ó bá yọ́, ṣùgbọ́n sísè tàbí lílọ̀ ni a ṣáà fẹ́ lò ó fún. Èyí tí ẹ kò bá sì tíì ráyè fọwọ́ kàn, ẹ fi í sílẹ̀ nínú àpò rẹ̀, ẹ kó o sínú àpò bébà nínú fíríìjì, yóò wà bẹ́ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Àwọn elésè-àlùkò wúlò, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gé ọ̀kan wò. Àwọn irúgbìn kan wà tí àwọ̀ wọn nìyẹn láti ilẹ̀, tí wọ́n ṣì le tí wọ́n sì kan. Ẹ lè lò wọ́n bí àwọn yòókù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọbẹ̀ náà kò ní fi bẹ́ẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Bí wọ́n bá ti rọ̀ tí wọ́n sì ń dùn, ẹ sun ìwọ̀nba wọn pọ̀ mọ́ àwọn aláwọ̀ ewé fún salsa tí ẹ óò jẹ lọ́sẹ̀ náà, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i dípò kíkan tí wọ́n ti sọ nù. Ẹ má kó àwọn tí ó ti rọ̀ yẹn sínú ti ìgò.