Ẹ Bi Ìyá Onítíkẹ́ẹ̀tì: Ta Ló Ń San Làádà?

ÌBÉÈRÈ: Ìyá Onítíkẹ́ẹ̀tì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo sì ń gbé. Ọmọ mi obìnrin wà ní Houston pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta. Fíìsà tí mo fi lọ bá a wẹ ọmọ nígbà tó bí àbíkẹ́yìn rẹ̀ ṣì wà nínú páálí mi, ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Wọ́n ní kí n wá lo ọlidé lọ́dọ̀ àwọn, kí gbogbo wa jọ lọ sí Disney, ibi ìgbafẹ́ ńlá tó wà ní Orlando ní Florida. Ọkọ ọmọ mi ní òun fúnra òun máa fi fóònù búùkù gbogbo ẹ̀, pé alágbàtà ló ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Ọmọ mi ní rárá, kí àwọn wá ajẹ́ǹtì. Èmi náà sì ti bá ajẹ́ǹtì kan sọ̀rọ̀ ní Adó. Ó ní kí n mú ₦400,000 wá fún owó iṣẹ́ òun, òun á ṣe tíkẹ́ẹ̀tì mi, òun á sì ṣe Disney gbogbo ilé pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn ọmọ náà jẹ́ ọdún mẹ́sàn-án, ọdún mẹ́fà, àti ọdún méjì àtoṣù mẹ́sàn-án. Orúnkún sì ń dùn mí. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn? (Ìyá Àgbà, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ojú lọ́nà àwọn ọmọ. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀ fún ará Adó yẹn o.

Òwe tí ọkọ ọmọ yín pa, òtítọ́ ni lọ́jà iṣu. A mọ alágbàtà tó máa ń jí dúró sẹ́nu ọ̀nà Ọjà Ọba, tó ń gba iṣu lọ́wọ́ ará oko kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, iṣu ọ̀hún ti gbówó lórí, ẹni tó rà á ló sì san èrè alágbàtà. Àmọ́ ẹnì kan tún wà nínú ọjà yẹn náà, ẹni tó ń mú oníbàárà wá bá oníṣu. Oníbàárà á ra tirẹ̀ níye tí ì bá rà á ká ní òun nìkan ló wá, á gbé iṣu rẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà ni oníṣu á wá yọ làádà fún ẹni tó mú un wá. Ẹni kejì yìí ni ajẹ́ǹtì Disney. Ilé iṣẹ́ Disney ló ń san làádà fún ajẹ́ǹtì tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, inú owó tí ẹ máa san tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì ti ń yọ ọ́. Ká ní ọkọ ọmọ yín rí yàrá kan ní $300 lórí fóònù rẹ̀, tí ajẹ́ǹtì tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Disney ní Texas tí wọ́n ń gbé sì bá a gba yàrá yẹn gan-an lọ́jọ́ kan náà, $300 náà ni. Torí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ní kí èèyàn bi ajẹ́ǹtì ni pé: ta ló ń san làádà yín? Bó bá ní Disney ni, ẹ fa àga fún un kó jókòó. Àwọn mìíràn a máa gba owó ìmọ̀ràn lé e. Ìyẹn kì í ṣe èèwọ̀, àmọ́ kó ti ẹnu rẹ̀ jáde kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ará Adó yín ńkọ́? Èmi náà ta tíkẹ́ẹ̀tì nítòsí Fájuyì fún ọdún mẹ́rìnlá, mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn káńtà. Bí kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Disney, sáìtì tí ọkọ ọmọ yín fẹ́ ṣí lòun náà máa ṣí. Káàdì dọ́là ẹni ẹlẹ́ni ló máa fi san án, ímeèlì tirẹ̀ ló sì máa wà lórí ìwé. Bí wàhálà bá wá dé ní Orlando laago mẹ́jọ alẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago kan òru ti lù ní Adó, ó ti sùn, iná ò sì sí. ₦400,000 fún ìyẹn? Ẹ fi ra iṣu, kí ẹ gúnyán.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọmọ yín àti ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà lè ṣe é fúnra rẹ̀ o, bó bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn kó máa tẹ fóònù. Àmọ́ kó mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Disney ti Orlando kì í ṣe ọgbà kan, mẹ́rin ni, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni ẹnu géètì wọn: Magic Kingdom tí wọ́n ṣí lọ́dún 1971, EPCOT lọ́dún 1982, Hollywood Studios lọ́dún 1989, Animal Kingdom lọ́dún 1998. Iye tíkẹ́ẹ̀tì ń yàtọ̀ láti ọjọ́ sí ọjọ́. Bí wọn ò bá fẹ́ to orí ìlà wákàtí kan nínú oòrùn Florida, wọ́n á ra ọ̀nà àbùjá tí wọ́n ń pè ní Lightning Lane. Ẹni tó bá sùn sí òtẹ́ẹ̀lì Disney lè rà á láti ọjọ́ 7 ṣáájú. Ẹni tó sùn síta, ọjọ́ 3 péré. Aago méje àárọ̀ Florida ni wọ́n sì ń ṣí i, tó jẹ́ aago mẹ́fà ní Houston, tí ọkọ ọmọ yín ṣì ń wá bàtà tó máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Tábìlì oúnjẹ, ọjọ́ 60 ṣáájú ni wọ́n ti ń gbà á. Bí wọ́n bá ra yàrá àti tíkẹ́ẹ̀tì pa pọ̀, àsansílẹ̀ $200 ni, ìyókù gbọ́dọ̀ wọlé nígbà tó bá ku ọgbọ̀n ọjọ́.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ lórí ọjọ́ orí àwọn ọmọ, torí owó wà níbẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 kì í sanwó ìwọlé. Láti ọdún 3 sí 9, tíkẹ́ẹ̀tì ọmọdé ni. Ọmọ ọdún 10 ti di àgbàlagbà lójú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ṣì ń lé e kiri kó tó fọ eyín. Ọjọ́ tí ọmọ bá wọlé ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ọjọ́ tí ẹ sanwó. Ìyàtọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ọmọdé sí ti àgbà kò tó nǹkan, ẹ má da ara yín láàmú nítorí àkọ́bí. Àbíkẹ́yìn ni kí ẹ máa wò. Oṣù mẹ́ta ló kù kí ìwọlé ọ̀fẹ́ rẹ̀ tó tán.

Kí ẹ má rò pé mò ń fi ẹni tó ń ṣe é fúnra rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti ṣe é rí, ojú mi sì rí màbo. Lọ́dún tí mo kó ọmọ ọmọ mi méjì lọ, mo ní èmi tí mò ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fáráyé, kí ni mo fẹ́ fi ajẹ́ǹtì ṣe? Mo jókòó sí pálọ̀, mo rí òtẹ́ẹ̀lì kan nítòsí títì International Drive ní Orlando. Wọ́n ní bí mo bá san gbogbo owó lọ́jọ́ yẹn, tí mo sì gbà pé mi ò ní bèèrè rẹ̀ padà, ẹ̀dínwó wà. Mo san án kíá. Ọjọ́ keje oṣù kẹjọ la máa dé, mo kọ 07/08. Aago mọ́kànlá alẹ́ la débẹ̀. Ọmọ kékeré ti sùn lọ lórí àpótí aṣọ, ìkejì ń bi mí pé Mickey dà. Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí, ó wá yí ojú kọ̀ǹpútà náà sọ́dọ̀ mi kí n fojú ara mi rí i. Ọjọ́ kẹjọ oṣù keje ló wà níbẹ̀. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ti retí wa tì, tí wọ́n ti kọ ọ́ sí iwájú orúkọ mi pé a ò yọjú, owó sì ti wọgbó. Àwọn ará Amẹ́ríkà, oṣù ni wọ́n ń kọ kí wọ́n tó kọ ọjọ́! Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́nu iṣẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì, mi ò kíyè sí i rí, torí pé lẹ́tà la fi ń kọ oṣù lórí tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, 07AUG, kò sẹ́ni tó lè ṣì í kà. Iye tí mo san fún yàrá mìíràn lóru ọjọ́ yẹn, mi ò tíì sọ ọ́ fún bàbá àwọn ọmọ mi títí di òní. Ẹ má bá mi sọ fún un.

Ajẹ́ǹtì tó mọṣẹ́ ì bá ti kà á sí mi létí lẹ́ẹ̀kan: “Mọ̀míì, ọjọ́ keje oṣù August, àbí?” Ojú kejì yẹn ni mo rí tó wúlò jù lára ajẹ́ǹtì, ju gbogbo ẹ̀dínwó tí wọ́n ń kéde lọ.

Torí náà, ti ọmọ yín ni mo gbè. Kó wá ajẹ́ǹtì lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀, kó jẹ́ ẹni tó ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ àwọn ọgbà náà. Ẹ fi orúnkún yín dán an wò. Kí ọmọ yín sọ fún un pé ìyá òun kò lè rìn jìnnà, òtẹ́ẹ̀lì wo ló dáa? Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye owó, kó wá ẹlòmíràn. Ẹni tó mọ ibẹ̀ máa dárúkọ Contemporary kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀, torí ọkọ̀ ojú irin monorail gba àárín òtẹ́ẹ̀lì yẹn kọjá, ó sì ń gbé èèyàn dé ẹnu géètì Magic Kingdom. Yàrá ibẹ̀ wọ́n o, n kò purọ́. Ajẹ́ǹtì gidi á sọ ìyẹn náà, á sì wá èyí tí apá yín ká. Ohun kan ṣoṣo tó lè ni yín lára níbẹ̀ ni pé, bí ajẹ́ǹtì bá ti búùkù, tí ẹ bá pe Disney láti yí nǹkan padà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ní kí ẹ padà sí. Ẹni tí kì í gbé fóònù kò dára fún iṣẹ́ yìí.

Tíkẹ́ẹ̀tì tiyín láti Ìkẹjà lọ Houston ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ ajẹ́ǹtì ilé. Níbi ti bàálù, òwe ọkọ ọmọ yín tún tọ̀nà díẹ̀: àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ti gé làádà ajẹ́ǹtì kúrú, àwọn mìíràn ti yọ ọ́ pátápátá, torí náà ọwọ́ yín ni yóò ti jẹun. Ẹ fún un ní owó iṣẹ́ tó mọ níwọ̀n, kí ẹ sì fún un níṣẹ́ ṣe. Kó bá yín wá tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó dé Houston. Bó bá rà á ní méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí owó díẹ̀ tó dín, tí bàálù àkọ́kọ́ wá pẹ́, ẹni tó ni bàálù kejì kò jẹ yín ní nǹkan kan. Bó bá jẹ́ Delta tó ń fò tààrà láti Ìkẹjà lọ Atlanta, Atlanta ni wọ́n ti máa yẹ páálí yín wò, tí wọ́n máa bi yín léèrè ọ̀rọ̀. Kó fi tó wákàtí mẹ́ta sílẹ̀ níbẹ̀. Kó sì bá yín bèèrè kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti èèyàn ní pápákọ̀ òfurufú. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ má tijú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà fún ìyàwó mi fúnra mi lórí sáìtì ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú lálẹ́ àná. Bọ́lá ni mo kọ, Bọ́láńlé ló wà nínú páálí rẹ̀. Ṣé ó burú ni? (Ọkọ Bọ́lá, Ìkọ̀lé-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Mo ti pe ọ̀gbẹ́ni yìí lórí fóònù lọ́jọ́ tí ìtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ dé, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè dúró de ìwé ìròyìn. Mo ń tẹ̀ ẹ́ jáde nítorí àwọn yòókù. Ó burú. Orúkọ orí tíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ bá ti páálí mu, àgékúrú orúkọ ò wọlé níbẹ̀. Ohun tó gbà á ni òfin Amẹ́ríkà kan: bí o bá ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú fúnra wọn, fún ìrìnàjò tó wọ Amẹ́ríkà tàbí tó ń jáde níbẹ̀, tó sì ku ọjọ́ 7 ó kéré tán kí bàálù gbéra, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kí o fagi lé e láàárín wákàtí 24 láìgé owó rẹ, àfi bí wọ́n bá ti fún ọ láyè wákàtí 24 kí o tó sanwó rárá. Òfin yẹn kò de ajẹ́ǹtì, torí náà ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ ajẹ́ǹtì kó bèèrè kó tó sanwó. Ó fagi lé e, ó tún un rà. Bọ́láńlé ló wà níbẹ̀ báyìí.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí. Ẹnì kan ní kí n sanwó fún òun kí òun bá wa ṣètò ìrìnàjò ogójì akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Ìkògòsì. Ṣé kí n san án? (Olùkọ́, Ìjerò-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, láti Ìjerò? Ẹ gba Àrámọ̀kọ, ẹ já sí Èríjìyàn, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Ẹ lọ rí àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ fúnra yín, ẹ bi wọ́n ní iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ gba bọ́ọ̀sì, kí ẹ di oúnjẹ dání. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣètò gan-an ni àwọn ọmọ. Níbi tí omi gbígbóná ti ń ru jáde, ooru rẹ̀ tó ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kí ẹnikẹ́ni má sáré ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ níbẹ̀. Ẹ kó wọn lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí omi tútù ti wá pàdé rẹ̀, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ kan sí ọ̀tún, kí wọ́n fi èkejì sí òsì, kí ẹ sì ní kámẹ́rà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá pariwo.