Ẹ yé fi omi ti oúnjẹ sọ́fun àgbàlagbà

Ìbéèrè: Bàbá mi ti pé ẹni ọdún 78. Oúnjẹ máa ń pá wọn lórí. A máa ń da ọrùn wọn sẹ́yìn, ká fún wọn lómi kó lè tì í wọlé. Eré ìdárayá wo ló lè ran ọ̀fun wọn lọ́wọ́?

Ìdáhùn: Ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ gbé ife omi yẹn sílẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ irú èyí, ó sì ń dùn mí.

Nígbà tí a bá ń gbé nǹkan mì, gògóńgò máa ń sún sókè, ìdérí kékeré kan a sì bo ọ̀nà èémí. Lára àgbàlagbà, pàápàá ẹni tí rọpárọsẹ̀ tàbí àìsàn Parkinson (àìsàn ọpọlọ tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n) bá ṣe, ìdérí yìí lè pẹ́ kó tó dé. Omi kì í dúró dè é. Ẹ tún wá da ọrùn sẹ́yìn, ẹ ti ṣí ọ̀nà èémí sílẹ̀ fún un nìyẹn. Yóò gbé oúnjẹ tó kù lọ́fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ni òtútù àyà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì sọ pé wọn ò wúkọ́. Ọ̀fun tí kò mọ nǹkan lára mọ́ kì í wúkọ́. Ohùn tó ń dún bíi pé omi wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ibà tó ń lọ tó ń bọ̀, ara tó ń rù: ìwọ̀nyí ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́.

N kò ní kí òùngbẹ pa wọ́n o. Kí ẹnu kọ́kọ́ ṣófo, kí wọ́n jókòó ṣánṣán, kí wọ́n máa mu ún díẹ̀díẹ̀.

Eré ìdárayá wà. Wọ́n lè ká tówẹ̀lì sábẹ́ àgbọ̀n, kí wọ́n máa fi àgbọ̀n tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà. Ó ń fún iṣan tó ń gbé gògóńgò sókè lókun. Òmíràn ni kí wọ́n fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kí wọ́n gbé orí nìkan láti wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n sinmi, lẹ́ẹ̀mẹta. Èyí le fún arúgbó, kí ẹni tí ọrùn ń dùn má dán an wò láìbi dókítà léèrè. Kò gbọdọ̀ sí oúnjẹ lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n n kò tíì yẹ bàbá yín wò, n kò sì lè yan ọ̀kan fún wọn láti ibi tí mo wà. Ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sísọ àti oúnjẹ gbígbé mì, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ibi tó ti yẹ̀. Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ máa fọ eyín wọn dáadáa láàárọ̀ àti lálẹ́, nítorí kòkòrò ẹnu ló ń bá itọ́ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.