Ẹ mọ bèbè odò tí ẹ wà: kíkó èrò lọ sí àfonífojì odò Rhine

Àǹtí, ẹ ní ẹ fẹ́ kó èèyàn mẹ́tàlá nínú ìjọ yín láti London lọ wo àfonífojì odò Rhine ní Jámánì, ìyá àgbà mẹ́rin wà nínú wọn, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ háyà bọ́ọ̀sì tàbí kí ẹ wọ rélùwéè. Rélùwéè ni o. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó jẹ mí lógún ju ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lọ: kí gbogbo yín wà ní bèbè odò kan náà.

Láti Mainz títí dé Koblenz, kò sí afárá kankan lórí odò yẹn. Rélùwéè ń rìn ní bèbè òsì, òmíràn ń rìn ní bèbè ọ̀tún. Nígbà tí a lọ, mẹ́rìnlá ni wá. Àwa mẹ́jọ sùn sí Mainz, àwọn mẹ́fà sùn sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí wa ní Wiesbaden, lódìkejì odò. A fi àdéhùn sí St. Goar, ìlú kan ní bèbè òsì tí Mainz wà. Èmi ni mo ṣètò rẹ̀, n kò sì sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ sọdá wá sí Mainz. Wọ́n wọkọ̀ láti Wiesbaden, wọ́n rí St. Goarshausen lára ibùdókọ̀, wọ́n rò pé ibẹ̀ náà ni, wọ́n bọ́ sílẹ̀. Bí a ṣe ń wo ara wa láti bèbè sí bèbè nìyẹn, tí a ń juwọ́ síra wa. Oúnjẹ wa wà lọ́wọ́ wọn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá mi náà wà nínú báàgì tí wọ́n gbé. Ọkọ̀ kan wà tó ń kó èèyàn àti mọ́tò sọdá láàárín ìlú méjèèjì, òun ló gbé wọn wá bá wa, àmọ́ kí wọ́n tó dé, ọkọ̀ ojú omi tí a ti sanwó rẹ̀ ti lọ. Ìyá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò sọ̀rọ̀. N kò lè gbàgbé ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Torí náà, ẹ jọ sùn sí Mainz, gbogbo yín. Ẹ ra Rheinland-Pfalz-Ticket, tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan ni: èèyàn márùn-ún lè jọ lo ẹyọ kan, mẹ́ta á tó yín. Lọ́jọ́ iṣẹ́, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀, kò sì ṣeé lò nínú ICE, rélùwéè Jámánì tó ń sáré gan-an. Ẹni tó bá jẹ́ ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ló ń lò gbọ́dọ̀ gba físà Schengen, bó tilẹ̀ ní ìwé ìgbélùú UK. Ó lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú. Kó má fi falẹ̀.

Láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹwàá ni kí ẹ lọ. Ẹ wọ rélùwéè dé Bingen, kí ẹ wá wọ ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀ lọ sí St. Goar. Ibi tí odò ń ṣàn lọ náà ni ọkọ̀ yín ń lọ nìyẹn. Ọkọ̀ tó bá ń gun omi wá láti St. Goar máa ń pẹ́ gan-an, àwọn àgbà ò ní lè jókòó tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà yìí náà ni ilé olódi pọ̀ sí jù. Ní Kaub, ẹ ó rí ọ̀kan láàárín omi gan-an, Pfalzgrafenstein, ibi tí wọ́n ti ń gba owó bodè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ láyé àtijọ́. Kí ẹ tó dé St. Goar ni àpáta Loreley, tó ga tó mítà 132. Wọ́n ní obìnrin kan ń jókòó sórí rẹ̀, ó ń ya irun, ó ń kọrin, àwọn atukọ̀ á gbàgbé ara wọn títí ọkọ̀ á fi forí sọ àpáta. Òṣogbo ni wọ́n bí ìyá mi sí. Nígbà tí a padà lọ lọ́jọ́ kejì tí ó gbọ́ ìtàn yìí, ó ní, "Odò wo ni kò ní obìnrin tirẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín dọ́kàn.

Ẹ má kó àwọn ìyá lọ sí ilé olódi Marksburg. Ó dára lóòótọ́, wọn ò wó o rí, ṣùgbọ́n òkè ni, òkúta ilẹ̀ rẹ̀ rí gbágungbàgun, bèbè ọ̀tún ló sì wà. Bacharach, ìlú kékeré kan láàárín Bingen àti St. Goar, ni kí ẹ yà sí. Ìlú náà tẹ́jú, kò jìnnà sí ibùdókọ̀. Ẹ ra oúnjẹ ní Sátidé, torí ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí ní Sunday. Ẹ lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú rélùwéè kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀. Kí ìyá kọ̀ọ̀kan ní ìborùn, atẹ́gùn máa ń fẹ́ lórí omi, kí oògùn rẹ̀ sì wà nínú báàgì tirẹ̀, kì í ṣe nínú ti ẹni tó ń bá a gbẹ́rù.