Òrùka tí ara rẹ̀ ní ìlà bíi ti igi: ṣé ó dáa fún ìgbéyàwó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi àti àfẹ́sọ́nà mi rí òrùka kan tí ara rẹ̀ ní ìlà bíi ti pákó. Ẹni tó ń tà á ní mokume-gane ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ ọnà àwọn ará Jàpáànù, pé bàbà àti fàdákà ni wọ́n fi ṣe é. Ṣé àwọ̀ rẹ̀ kò ní ṣí? Ṣé a lè fi ṣe ìgbéyàwó?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire. Ìlà yẹn kò lè ṣí, torí kì í ṣe ọ̀dà. Bàbà inú rẹ̀ ló yẹ kí ẹ rò dáadáa.

Ńṣe ni wọ́n máa ń to awẹ́ bàbà, fàdákà tàbí wúrà léra wọn. Wọ́n á fọ̀ wọ́n mọ́ tónítóní, wọ́n á fún wọn mọ́ra pinpin, wọ́n á sì kì wọ́n bọ iná. Iná náà kò ní mú débi tí wọ́n á fi yọ́. Ooru àti ìfúnmọ́ra yẹn ló ń mú kí wọ́n wọnú ara wọn, láìsí lẹ́ẹ̀dì kankan láàárín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbẹ́ ojú rẹ̀ ní kòtòkòtò, wọ́n á sì fi òòlù lù ú tẹ́. Awẹ́ tó wà nísàlẹ̀ á wá yọjú sókè, ibẹ̀ ni ìlà igi ti ń wá. Ẹ wo etí òrùka náà: bí ó bá jẹ́ ojúlówó, ẹ óò rí i pé awẹ́ wà léra wọn níbẹ̀ pẹ̀lú.

Shoami Denbei, alágbẹ̀dẹ kan ní Akita ní Jàpáànù tó gbáyé láàárín 1651 sí 1728, ni wọ́n sọ pé ó dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ohun ọ̀ṣọ́ ara idà ló fi ń ṣe. Ó ń lo shakudō, ìyẹn bàbà tí wọ́n fi wúrà díẹ̀ lú, tí wọ́n ń sè nínú oògùn títí yóò fi dúdú bí aró. Nígbà tí ìjọba Jàpáànù fòfin de gbígbé idà kiri ní 1876, ọjà àwọn alágbẹ̀dẹ wọ̀nyí kú púpọ̀.

Ohun ara idà kì í gbé inú òógùn àti omi ọṣẹ tọ̀sán-tòru bí òrùka. Tí ẹ bá wọ oníbàbà sọ́wọ́, dúdú ara rẹ̀ yóò ha dànù, ìka yín lè máa ní àmì àwọ̀ ewé, òógùn á sì máa jẹ bàbà náà ju fàdákà lọ títí ojú rẹ̀ yóò fi rí gbágungbàgun. Bàbà rẹwà gan-an lára yẹtí, ohun ọrùn, àpótí kékeré tàbí èèkù ọ̀bẹ. Fún ìgbéyàwó, wúrà oríṣi méjì àti fàdákà ni mo máa ń sọ fún tọkọtaya. Owó rẹ̀ ga, àmọ́ ó yẹ ohun tí ẹ óò wọ̀ títí ayé.

Ẹ wọn ìka yín dáadáa kí ẹ tó sanwó, nírọ̀lẹ́ tí ọwọ́ ti wú díẹ̀. Fífẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà lè mú kí awẹ́ náà ṣí kúrò lára wọn, ẹ má sì jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ tí kò mọ iṣẹ́ yìí fi iná kàn án. Omi ọṣẹ àti aṣọ múlọ́múlọ́ ti tó láti fi nù ún. Ẹ má fi bílíìsì kàn án rárá.