Kí ni awakọ̀ glider (ọkọ̀ òfúrufú tí kì í lo ẹ́ńjìnì) yóò ṣe bí ìkùukùu àrá bá ń fà á sókè?

Ṣí airbrake (pátákó orí ìyẹ́ tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀) kíákíá, kí eré tó pọ̀ jù, kí o sì dorí kọ etí ìkùukùu tó súnmọ́ ọ jù, níbi tí oòrùn ti ń ràn. Má dúró dìgbà tí o bá wọ inú rẹ̀. Níbẹ̀, ojú kò ní rí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ á sì máa yí bìrí lọ sílẹ̀ láìjẹ́ pé o mọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jà, kí ọwọ́ aago eré má kọjá àwọ̀ ewé. Ìdákẹ́ afẹ́fẹ́ nìkan ni yẹ́lò wà fún.

Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o. Ní 2007, nítòsí Manilla ní Ọsirélíà, ìkùukùu àrá fa Ewa Wiśnierska, tó ń fi paraglider (ìyẹ́ aláṣọ tí ènìyàn ń so mọ́ ara) fò, lọ sókè ju mítà 9,900 lọ. Ó dákú, ṣùgbọ́n ó yè é.

Bí òjò bá ti dí ọ̀nà ilé, balẹ̀ sí oko tó tẹ́jú kí ìjì iwájú òjò tó dé. Ó lè fi kìlómítà 20 ṣáájú òjò. Ìyẹ́ tí òjò pa kì í gbé ọkọ̀ dáadáa, nítorí náà fi bíi kìlómítà 10 ní wákàtí kan kún eré ìbàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú airbrake ní ṣíṣí: ìwúwo rẹ ni ìdákọ̀ró.